Wàrà bio àti wàrà lásán ní Àjàṣẹ́: kí ni owó tó lé yẹn ń rà?

Àbẹ̀kẹ́_Wándó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ wàrà ni mo gbé wá. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, Benin) níbí, páálí lítà kan tí wọ́n kọ « bio » sí lára wọ́n gan-an ju èyí tí kò ní i lọ. Bẹ́ẹ̀, orí àtẹ kan náà ni méjèèjì wà, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì ti kó wọn wá. Nísàlẹ̀ wọn ni wàrà ẹlẹ́búlẹ́bú inú sáṣẹ́ẹ̀tì wà, èyí tí tẹrútọmọ ń rà. Ti àwọn Fúlàní tó ń ti gáà wá tún wà níbẹ̀, kò ní páálí, kò ní orúkọ. Kí ni bio yìí fi dára ju ìyókù lọ? Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ní ọmọ nílé máa ṣù owó jọ nítorí rẹ̀? Àti pé wàrà Fúlàní tí kò dé ilé iṣẹ́ rí, ṣé òun náà kì í ṣe bio ni?

Alátẹ_Àjàṣẹ́
Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká ka ara páálí ná. Ohun tí « bio » ń sọ kò ju bí wọ́n ṣe tọ́ màlúù náà, ohun tí wọ́n fún un jẹ, àti ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Òfin tí Yúróòpù ń lò báyìí ni 2018/848, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e. Màlúù gbọ́dọ̀ máa jáde lọ jẹko nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbà. Oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti oko tí wọ́n fi ajílẹ̀ kẹ́míkà tàbí oògùn kòkòrò kẹ́míkà sí wá. Nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó kéré tán 60% gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko tútù tàbí gbígbẹ. Ọmọ màlúù sì gbọ́dọ̀ mu wàrà fún 90 ọjọ́.

Àmì rẹ̀ ni ewé aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ìràwọ̀ yà. Láti oṣù keje ọdún 2010 ni ó ti di dandan lára ọjà bio Yúróòpù tí wọ́n bá dì sínú páálí. Nítòsí ewé yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi FR-BIO-01: FR ni orílẹ̀-èdè, ìyókù ni àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á kọ « Agriculture UE » tàbí « non UE », ìyẹn inú Yúróòpù tàbí òde rẹ̀. Bí páálí Yúróòpù bá kọ bio gàdàgbà, tí ó ya màlúù lórí pápá, tí kò sì ní ewé àti nọ́ńbà yẹn, ẹ má san owó bio fún un.

Ẹ wo ọ̀rá rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra bio tí wọ́n ti yọ ọ̀rá díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wá sọ pé bio kò ki. Wàrà ilẹ̀ Faransé sábà máa ń fi àwọ̀ hàn: pupa ni « entier », bí 3.5% ọ̀rá, búlúù ni « demi-écrémé », bí 1.5%, àwọ̀ ewé ni « écrémé », tí ọ̀rá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ẹ fi pupa wé pupa ni. Àwọn bio kan tún wà tí wọn kì í lọ ọ̀rá inú rẹ̀ kúnná, ọ̀rá á wá kóra jọ sókè. Kò bàjẹ́ o, ẹ mì í kí ẹ tó dà á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti sáṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ « mélange de lait écrémé et de matière grasse végétale », wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀rá irúgbìn dípò rẹ̀, epo ọ̀pẹ ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe odindi wàrà. Èyí tó jẹ́ wàrà pátápátá máa ń kọ « lait entier en poudre », ọ̀rá wàrà inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 26%. Kí ènìyàn tó máa ronú bio, kí ó ti kúrò lórí « mélange » bọ́ sórí « entier » ná. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjì yìí tóbi ju ti bio àti àìjẹ́-bio lọ.

Ìṣirò owó rẹ̀ rèé: bí 130 g ẹlẹ́búlẹ́bú ló ń di lítà wàrà kan. Agolo 400 g á fún yín ní lítà mẹ́ta. Sáṣẹ́ẹ̀tì 25 g kò kún ife kan dáadáa. Ẹ pín owó sórí lítà kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì.

Ọmọ_Oníṣábẹ̀
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó yín lásán. Màlúù tó ń jẹ koríko inú igbó Ṣábẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò mọ oúnjẹ ilé iṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú ìyá rẹ̀, kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní bio? Lítà kan sí méjì péré ni ìyá màlúù Borgou ń fúnni lójúmọ́, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Holstein, irú màlúù oníwàrà tiwọn, lè fúnni ní 25 sí 30. Ọ̀rá wàrà ọ̀dọ̀ wa sábà máa ń lé ní 4%. Tiwa dára ju tiwọn lọ.

Dókítà_Ẹran_Kétu
Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ nípa koríko àti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kù sí ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká òwú tán, oko òwú ni agbo màlúù máa ń wọ̀, wọ́n á jẹ ewé àti igi òwú tó kù nílẹ̀. Òwú ni irúgbìn tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí jù lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ, àwọn kan á ra « tourteau », ìyẹn pàǹtí wóró òwú tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, tàbí ti ẹ̀pà. Bí èyí bá bu nínú àpò, aflatoxine, májèlé tí ebu ń mú wá, á wọ inú rẹ̀, á sì gba ara màlúù jáde sínú wàrà. Sísè kì í pa á. Ìwọ̀n tí Yúróòpù gbà láàyè nínú wàrà kò ju 0.05 µg lọ nínú kílò kan. Ẹ wá bi mí pé ta ló ń wọ̀n ọ́n ní gáà.

Ti oògùn ló ń ká mi lára jù. Darandaran máa ń ra oxytétracycline, irú antibiótíìkì kan, lọ́jà, á gún màlúù fúnra rẹ̀, nítorí dókítà ẹran jìnnà sí i. N kò dá a lẹ́bi, bí màlúù rẹ̀ bá kú, owó ilé rẹ̀ ló kú. Lára ìgò oògùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tí wàrà kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu ènìyàn sí. Fún oxytétracycline 20% tó ń pẹ́ lára, ọ̀pọ̀ ń kọ bí ọjọ́ 7. Àwọn kan kọ pé kí wọ́n má lò ó rárá fún màlúù tí ènìyàn ń mu wàrà rẹ̀. Diminazène àti isométamidium tí wọ́n ń gún nítorí àrùn tí eṣinṣin tsé-tsé ń kó ran màlúù ní ọjọ́ tiwọn pẹ̀lú. Ní gáà, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí, wàrà àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń tà.

Lábẹ́ òfin bio Yúróòpù, bí wọ́n bá gún màlúù ní antibiótíìkì, ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tó wà lára ìgò ni wọ́n ń dúró, kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 48. Bí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ bá ju mẹ́ta lọ láàárín ọdún kan, wọn ò ní lè ta wàrà màlúù náà ní bio mọ́, àfi tí ó bá tún la àkókò ìyípadà kọjá, oṣù mẹ́fà ni fún màlúù oníwàrà. Ìwé àkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò yẹn gan-an lẹ ń san owó fún. Koríko Ṣábẹ̀ lè dára ju tiwọn lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kí n dá wàrà lásán ti Yúróòpù láre pẹ̀lú: òun náà kò gbọdọ̀ ní oògùn ju ìwọ̀n òfin lọ, wọ́n ń dán an wò kí ó tó wọ ilé iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ hòmóònù bST tó ń mú kí wàrà pọ̀, wọ́n ti fòfin dè é ní Yúróòpù láti ọdún 2000. Amẹ́ríkà ló gbà á láàyè láti 1993. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wàrà páálí Faransé tí kì í ṣe bio kún fún hòmóònù abẹ́rẹ́, irọ́ ló ń pa.

Àbẹ̀kẹ́_Wándó
Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ ṣeun. Bí mo bá wá sè wàrà gáà dáadáa ńkọ́, ṣé oògùn inú rẹ̀ kò ní kú? Ti ara ọmọ ńkọ́, ṣé bio ń ṣe é lóore ju lásán lọ?

Dókítà_Ẹran_Kétu
Rárá. Kòkòrò ni iná ń pa. Púpọ̀ nínú oògùn á ṣì kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí wàrà bá ti hó. Kòkòrò pàápàá tó ìdí láti sè é: brucellose àti ikọ́ ife màlúù máa ń gba inú wàrà tútù wọ ara ènìyàn. Ìyẹn kan wàrà bio náà, nítorí « bio cru », ìyẹn bio tútù tí wọn kò sè, wà lọ́jà lọ́hùn-ún. Bio kò túmọ̀ sí pé kò sí kòkòrò nínú rẹ̀.

Aṣaralóore
Kí n dáhùn ti ara ọmọ. Purotéènì wà bí 3.2 g nínú 100 ml, calcium bí 120 mg, súgà wàrà bí 4.7 g. Bio àti lásán kò yàtọ̀ síra níbẹ̀. Ẹni tí wàrà lásán ń gbé inú rẹ̀ fò, bio náà á gbé e fò, nítorí súgà kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀rá. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí Yunifásítì Newcastle ṣáájú wọn kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé omega-3 (irú ọ̀rá kan tó ń ṣara lóore) inú wàrà bio fi bí 56% ju ti lásán lọ. Koríko tí màlúù bio ń jẹ ló fà á, kì í ṣe àmì tó wà lára páálí. Ẹ má jẹ́ kí 56% yẹn dẹ́rù bà yín. Nínú ìdajì lítà odindi wàrà, irú omega-3 tí à ń rí nínú ẹja jẹ́ bí 39 mg nínú bio, bí 25 mg nínú lásán. Sàdíìnì agolo 100 g ń súnmọ́ 1000 mg. Owó tí ẹ fi lé bio lórí, ẹ fi ra ẹja.

Ìwádìí yẹn kan náà rí i pé iode inú wàrà lásán fi bí 74% ju ti bio lọ. Ohun èlò inú oúnjẹ màlúù àti oògùn oní-iode tí wọ́n fi ń nu ọmú ló fà á. Fún wa tí a ń fi iyọ̀ oní-iode se ọbẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí aboyún tó ń lo iyọ̀ tí kò ní iode fi í sọ́kàn.

Ọmọ_Oníṣábẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Dókítà, mo gbọ́. N kò ní pè é ní bio mọ́ títí a ó fi ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè torí rẹ̀ pa wàrà gáà tì. Báwo ni oníbàárà ṣe lè mọ èyí tó mọ́, tí wọn kò pò mọ́ omi?

Ẹlẹ́wàgásì_Ṣábẹ̀
Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Ẹ̀rí wà tí a lè ṣe láìjẹ́ pé a dé ilé àyẹ̀wò.

Omi: lactodensimètre ni kí ẹ rà, òṣùwọ̀n gíláàsì tó ń léfòó, tó ń sọ bí wàrà ṣe wúwo tó. Ẹ po wàrà pọ̀, ẹ dà á sínú ife gíga, kí ìfófòó lọ, kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Ní 20°C, wàrà dáadáa máa ń wà láàárín 1.028 sí 1.033. Bí omi bá wọ ọ́ ní 10%, á já sílẹ̀ ní bíi 0.003. Ṣùgbọ́n oòrùn ń tàn wá jẹ: wàrà gbígbóná á fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní 20, ẹ fi 0.0002 kún ohun tí ẹ kà. Bí ó bá jẹ́ 1.027 ní 30°C, 1.029 ni. Àìmọ èyí ń mú kí àwọn oníbàárà pe Fúlàní ní olè láìṣẹ̀. Ọ̀nà jìbìtì kan sì wà tí òṣùwọ̀n yìí nìkan kò lè mú: bí wọ́n bá yọ ọ̀rá kúrò, wàrà á wúwo sí i, bí wọ́n bá wá fi omi sí i, á padà sí ìwọ̀n. Nítorí náà, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta níbi tútù, kí ẹ wo bí ọ̀rá tó gun òkè ṣe nípọn tó.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀lúbọ́ tàbí sítáàṣì mú un ki, ẹ sè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ kán iode tí wọ́n ń ta fún egbò sí i, ẹ̀kán kan sí méjì. Bí ó bá di búlúù tàbí dúdú, sítáàṣì ti wọ̀ ọ́.

Kíkan: ẹ po wàrà àti ọtí ilé oògùn 70° pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ṣíbí kan sí ṣíbí kan. Bí ó bá dì ní kókó wẹẹrẹ, ó ti ń kan, kò ní gba iná. Ẹ má lo ti 90°, ó lè mú kí èyí tó dára pàápàá dì. Wàrà màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, á dì pẹ̀lú, òun náà kì í ṣe fún títà.

Oògùn: ẹ fi yaourt dán an wò. Sè lítà kan wàrà gáà àti lítà kan wàrà tí ẹ mọ̀ pé ó dára. Jẹ́ kí méjèèjì tutù dé 43°C sí 45°C. Fi kọ́ọ̀pù yaourt 125 g láti inú ìdì kan náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé wọn, fi aṣọ nípọn wé wọn pọ̀ fún wákàtí 6 sí 8. Bí èyí tí ẹ mọ̀ bá dì tí ti gáà sì dà bí omi, ẹ fura sí antibiótíìkì, nítorí àwọn kòkòrò tó ń mú yaourt dì kì í gbé níbi tó bá wà. Bí méjèèjì kò bá dì, ìwúkàrà tàbí ooru ló ṣẹ̀, ẹ má dá darandaran lẹ́bi. Bí méjèèjì bá dì, ìyẹn kò fi gbogbo ara sọ pé kò sí oògùn, ó kàn sọ pé kò pọ̀.

Ẹ wo ohun èlò wọn: bídọ́ọ̀nù tó ti gbé epo tàbí oògùn òwú rí kò ṣeé fọ̀ mọ́. Irin tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, tí ọwọ́ lè wọ̀, ni kí ẹ bèèrè.

Alátẹ_Àjàṣẹ́
Màmá, ẹ ṣeun. Kí n fi kún un pé Ṣábẹ̀ sí Àjàṣẹ́ ju 200 km lọ. Wàrà tí wọ́n fún ní aago mẹ́fà àárọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa ní tútù láìsí yìnyín. Kí wọ́n sè é láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ wàgásì (wàrà tí wọ́n mú dì) ni wọ́n ń kó wá, kì í ṣe wàrà olómi.

Àbẹ̀kẹ́_Wándó
Ṣé ènìyàn lè fi wàrà bio inú páálí ṣe wàgásì nílé?

Ẹlẹ́wàgásì_Ṣábẹ̀
Kò ní dára. Páálí UHT ti jẹ iná 135°C sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Purotéènì tó yẹ kó bá omi wàrà lọ ti lẹ̀ mọ́ èyí tó yẹ kó dì, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ó rí nǹkan rírọ̀ tó ń fọ́, tí kò ṣeé dín. Kò kan bio tàbí lásán, iná ló ṣe é. « Mélange » tún burú jù, ọ̀rá irúgbìn á máa yọ́ jáde nínú òróró.

Wàrà tútù ló ń ṣe wàgásì: lítà 5 sí 6 fún bíi kílò kan. Ẹ gbé e kaná dé bíi 60°C, tí ìka kò lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ gún ewé àti ọ̀pá bọmubọmu díẹ̀, ẹ fi wàrà lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sí i. Ẹ máa rọra rò ó, kí ẹ mú iná gbóná títí á fi fẹ́ hó. Nígbà tí omi rẹ̀ bá yà, ẹ dáwọ́ ríró dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fọ́ wẹẹrẹ. Bọmubọmu tó bá pọ̀ jù á mú un korò.

Àbẹ̀kẹ́_Wándó
Ó ti yé mi. Méjì ló kù: wàrà gáà ní sísè, àti páálí tí iná bá lọ tí fírígò kò ṣiṣẹ́.

Dókítà_Ẹran_Kétu
Ti sísè: ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, fi omi ṣan inú rẹ̀ má nù ún, kó má baà jóná. Sẹ́ wàrà gba aṣọ funfun mímọ́ kọjá. Jẹ́ kó hó, kó sì ru sókè. Bí ó bá ru, dín iná kù, máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ríru nìkan kì í ṣe híhó o, awọ tó wà lókè máa ń gbé e sókè kí ìsàlẹ̀ tó gbóná tó. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n ìgbóná, 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìkòkò tó wà nínú omi gbígbóná tó, adùn rẹ̀ kò sì ní sọnù. Lẹ́yìn náà, gbé ìkòkò sínú ọpọ́n omi tútù kíákíá, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì.

Alátẹ_Àjàṣẹ́
Ti páálí: UHT tí a kò tíì ṣí kò nílò fírígò, bio tàbí lásán. Bí a bá ti ṣí i, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ní 4°C. Bí kò bá sí iná, ẹ ra páálí 20 cl, kí ẹ mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Páálí tó bá wú, ẹ sọ ọ́ nù. Òmíràn á kan láìwú, nítorí náà ẹ tọ́ díẹ̀ wò kí ẹ tó dà á sínú kọfí tàbí ẹ̀kọ gbogbo ilé.

Àbẹ̀kẹ́_Wándó
Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, ṣé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí mu bio?

Aṣaralóore
Kí ó má tíì mu wàrà màlúù gẹ́gẹ́ bí ohun mímu, bio tàbí lásán, títí á fi pé ọdún kan. Irin inú rẹ̀ kéré, purotéènì àti iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù fún kíndìnrín ọmọ ọwọ́. Ọmú ìyá ni kí ó máa mu, pẹ̀lú oúnjẹ rírọ̀. Díẹ̀ nínú ògì rẹ̀ kò burú, bí a bá ti sè é. Lẹ́yìn ọdún kan, páálí pupa ni kí ẹ rà fún un títí dé ọdún méjì, má ṣe ra búlúù tàbí aláwọ̀ ewé, kí ó sì má ju bí ìdajì lítà lọ lójúmọ́, kí àyè oúnjẹ lè wà nínú ikùn rẹ̀.